Ọsàn Wẹ́wẹ́, Kúmárínì àti Oyún Tí N Kò Ní

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fa àga mọ́ra. Ohun tí ojú mi rí nílé tántì mi ní Akpakpa, ní Kútọnu, lọ́dún yìí, bí n kò bá sọ ọ́, ikùn mi á bẹ́. (Ẹ rọra o, kò sí nǹkan kan nínú ikùn ọ̀hún! Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.)

Nafísà lorúkọ mi, ọmọ Nàgó láti Pobè. Kẹ́místrì ni mò ń kọ́ ní yunifásítì tó wà ní Kalavi, mo sì ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò bàbá mi obìnrin tó ń ta aṣọ ní ọjà Ganhi. Tántì la máa ń pè é. Ó lọ́yàyà, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ gùn ju okùn kànga lọ!

Mẹ́múà mi, ìyẹn iṣẹ́ ìwádìí tí a fi ń gba ìwé ẹ̀rí, dá lórí kúmárínì. Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Ohun kan ni tó wà nínú àwọn ewéko kan, tó máa ń ta sánsán bíi koríko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, ó sì ní mọ̀lẹ́bí púpọ̀ tí àwọn tó ń wá oògùn fẹ́ràn. A lè ṣe àwọn mọ̀lẹ́bí yìí nínú lábò, ìyẹn yàrá ìwádìí wa, ṣùgbọ́n ásíìdì líle, irú èyí tó wà nínú bátìrì ọkọ̀, ni wọ́n sábà máa ń lò. Tẹ́ ẹ bá lò ó tán ńkọ́? Ibo lẹ fẹ́ dà á sí? Kútọnu yìí, orí omi ló jókòó lé! Ohun tó o bá dà sílẹ̀ lónìí, kànga aládùúgbò rẹ ló ń lọ.

Prof mi, obìnrin kan tí ẹ̀rín rẹ̀ wọ́n ju góòlù lọ, ní kí n wá ọ̀nà tí kò ní ba ilẹ̀ àti omi jẹ́. Mo ní omi ọsàn wẹ́wẹ́ ni màá fi rọ́pò ásíìdì. Ó wò mí títí, ó ní ó dáa, ṣùgbọ́n bí n kò bá rí nǹkan kan kí òjò tó dé, iṣẹ́ mìíràn ni màá bẹ̀rẹ̀.

Báyìí ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ra ọsàn wẹ́wẹ́. Lójoojúmọ́! Àpò mi ń run ọsàn, ọwọ́ mi ń run ọsàn. Tántì ń wò mí. Òórùn lábò máa ń fún mi ní ẹ̀fọ́rí, nítorí náà bí Tántì bá ti gbé ẹja sínú epo gbígbóná báyìí, màá sá jáde bí ẹni tí wọ́n lé. Tántì ń wò mí. Mò ń sùn lọ́sàn-án. Tántì ṣì ń wò mí.

Fóònù ló wá da gbogbo ẹ̀ rú. Èdè Fọ̀n lèmi àti Kojo, tá a jọ ń ṣiṣẹ́ nínú lábò, jọ máa ń sọ. Mo gbàgbé pé ọjà ti kọ́ Tántì ní Fọ̀n ju tèmi lọ! Lọ́jọ́ yẹn, mò ń ráhùn fún Kojo pé èyí náà tún ti bàjẹ́, pé kò dì rárá, ṣe ló dà bí oyin tó jóná. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, a ó tún gbìyànjú. Mo ní kò burú, ṣùgbọ́n bí èyí tó kàn bá dúró, kó má sọ fún ẹnikẹ́ni títí yóò fi dì dáadáa.

Ẹ jọ̀ọ́, bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn bíi Tántì, kí lẹ máa rò?

Mo ronú títí mo fi rí i pé omi ló ń dà mí láàmú. Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ máa ń tú omi sílẹ̀, èmi náà tún wá ń da omi ọsàn lé e! Mo bá da omi ọsàn sínú abọ́ fífẹ̀, mo gbé e sórí páànù ilé kí oòrùn fà á gbẹ láìjó gáàsì kankan. Nígbà tó ki, mo rọ díẹ̀ sínú ìgò kékeré lọ sí lábò, mo fi ìyókù sílẹ̀ kó tún gbẹ sí i.

Tántì gun àga, ó rí abọ́. Ó tọ́ ọ wò. Ó kan gógó! Ó ní àgbo ìṣẹ́yún ni. Ó dà á nù, ó sì pe Pobè.

Lọ́jọ́ kejì, mo se èyí tó wà nínú ìgò pẹ̀lú àwọn èròjà mi, mo gbé e sí fíríìjì kó lè dì, mo sì wá sílé jẹun. Ta ni mo bá ní pálọ̀? Bàbá mi, fìlà rẹ̀ lórí orúnkún. Epo pupa ló ń fún ní Pobè. Bí ẹ bá rí i tó fi ẹbu epo rẹ̀ sílẹ̀ wá sí Kútọnu, ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ nìyẹn.

“Nafi, ta ni bàbá ẹ̀?”

“Bàbá ta ni?”

“Bàbá ọmọ!” Tántì já a gbà. “Ṣé Kojo kọ́ ni? Mo gbọ́ yín! Èyí àkọ́kọ́ bàjẹ́, ẹ tún ń ṣe òmíràn!”

Ọ̀rọ̀ yé mi lójijì. Kí ni mo ṣe? Mo bú sẹ́rìn-ín! Àṣìṣe ńlá. Bàbá mi dìde, ó ní kí n kó ẹrù mi, ìwé ti parí, ó di Pobè. Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi.

“Bàbá, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan tí mò ń ṣe hàn yín. Ó wà ní Kalavi.”

“Níbo ní Kalavi?”

“Nínú fíríìjì.”

Yéè! Igbe tí Tántì ké lọ́jọ́ yẹn, aládùúgbò tó ń wẹ̀ sáré jáde tòun ti ọṣẹ lójú!

A wọ takisí, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé, Tántì ní kí n pa ẹnu mi mọ́. Sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ dá wa dúró ní Godomey. Bàbá ń wo ìta, Tántì ń ka tẹ̀súbáà.

Ní lábò, Kojo kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Tántì wò ó láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Mo ṣí fíríìjì. Èmi pàápàá ò mọ ohun tí màá bá níbẹ̀. Bó bá tún jẹ́ oyin jíjóná ńkọ́? Kí ni màá fi hàn wọ́n?

Ó ti dì! Funfun, tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́! Kojo hó yèè. Èmi fò sókè, mo gbàgbé pé ẹjọ́ ni mo wá jẹ́.

A pa iná yàrá, mo tan iná kékeré tí wọ́n fi ń yẹ owó ayédèrú wò sí i. Ohun inú ìgò náà tàn búlúù, bí mọ̀lẹ́bí kúmárínì ṣe máa ń tàn, ó tan ìmọ́lẹ̀ sójú àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Bàbá mi tẹ̀ síwájú. “Ọsàn wẹ́wẹ́ ló ṣe èyí?”

“Ọsàn wẹ́wẹ́ àti oòrùn, Bàbá.”

Tántì rọra bèèrè pé, “Èyí tí mo dà nù ńkọ́?”

“Òun náà ni, Tántì.”

Ó fọwọ́ bo ẹnu. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Kojo, ohùn ti yí padà: “Ọmọ mi, ṣé o ti níyàwó?” Ẹ gbà mí o!

Nígbà tí mo sin Bàbá lọ wọkọ̀, ó ní, “Kì í ṣe oyún ló ń bà mí lẹ́rù jù. Mo rò pé o ti di ẹni tí kò lè finú hàn mí mọ́.” Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára gan-an.

Wọ́n ti gba mẹ́múà mi wọlé, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé iṣẹ́ tí a kò bá ṣàlàyé nílé, ará ilé á fi ìbẹ̀rù wọn ṣàlàyé rẹ̀. Ẹ̀yin àgbà náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi wá kí ẹ tó pe Pobè! Ní báyìí, mo máa ń pe Bàbá lọ́jọ́ Jímọ̀, màá ròyìn lábò fún un. Kì í yé e, ṣùgbọ́n bí mo bá fẹ́ gé e kúrú, á ní, “O ò tíì sọ bó ṣe dì.”

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí làwọn ará ilé yín ti fura sí nípa iṣẹ́ yín rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, Tántì pàápàá ń dúró láti gbọ́!