Ta Ló Yẹ Kó Pe Arlys?

Mo ti já bọ́ láti orí òrùlé lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì dìde. Yìnyín jẹ ìka ẹsẹ̀ mi méjì nígbà tí mo ń wa ọkọ̀ akẹ́rù nínú kòtò tí wọ́n ti ń wa irin, mo fi mẹ́jọ tó kù rìn dé ibi tí mo dé. Ọdún tí bàbá mi kú sínú kòtò yẹn ni mo fi ilé ìwé sílẹ̀, mi ò sì padà síbẹ̀ mọ́. Báǹkì mẹ́rin lé mi jáde kí ìkarùn-ún tó fún mi ní àga. Lónìí, ẹ wá ṣọ́ọ̀ṣì kan fún mi láti ibí dé etí adágún tí kì í ṣe èmi Rudy Skala ni mo kan òrùlé rẹ̀. Ní ọdún méjìlá sẹ́yìn, jẹjẹrẹ wọ ẹ̀dọ̀fóró mi. Ó ti lọ, èmi ni mo ṣì ń jẹun.

Mi ò kà á kí ẹ lè pàtẹ́wọ́. Mo kà á kí ẹ lè mọ irú ọkùnrin tó jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀ ní Sátidé tó kọjá, níwájú ṣọ́ọ̀ṣì tí òun fúnra rẹ̀ kan òrùlé rẹ̀, tó ń sunkún bí ọmọ ọwọ́. Wọ́n ń sin Arlys Tuominen.

Ọ̀pọ̀ yín ò mọ ojú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ohùn rẹ̀ ti wọ ilé tó ju ẹgbẹ̀rún mẹ́rin lọ. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi jókòó nísàlẹ̀ ilé ìwòsàn ńlá tó wà lórí òkè, nínú yàrá tí kò ní fèrèsé, tó ń kọ orúkọ gbogbo ẹni tí jẹjẹrẹ bá mú lágbègbè yìí: ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, bó ṣe tóbi tó nínú àwòrán, oògùn tí wọ́n fún un. Lẹ́yìn náà, lọ́dọọdún, títí ọjọ́ ikú ẹni náà, iṣẹ́ Arlys ni láti béèrè bóyá ó ṣì wà láyé. Lẹ́tà ni wọ́n ní kó máa kọ. Arlys kì í kọ lẹ́tà. Ó máa ń pè ni.

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìgbà ọdẹ àgbọ̀nrín ló máa ń kàn mí.

"Ọ̀gbẹ́ni Skala, Arlys nìyí. Ṣé ẹ ṣì wà?"

"Mo wà, Akọ̀wé. Àbí ó ń dùn yín?"

"Kò dùn mí. Mo kàn fẹ́ mọ ibi tí màá kọ yín sí ni."

"Ẹ kọ ọ́ pé mo tún lẹ́wà sí i."

"Kò sí àyè irọ́ nínú ìwé yìí, Ọ̀gbẹ́ni Skala."

Lẹ́yìn ẹ̀rín ni yóò wá béèrè ikọ́, yóò béèrè oorun. Lọ́dún tí ìyàwó mi kú, ó gbọ́ nǹkan kan nínú ohùn mi tí mi ò sọ. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé ìrẹsì tó ń lalẹ̀ hù létí adágún wá, tó fi adìyẹ sè, ó jókòó tì mí títí mo fi jẹ ẹ́ tán.

Dókítà ṣàlàyé fún èmi tí mi ò kàwé pé oògùn tó wò mí kì í fúnra rẹ̀ pa jẹjẹrẹ. Àwọn ọmọ ogun tó ti sùn lọ nínú ẹ̀jẹ̀ èèyàn ló ń jí, kí wọ́n dìde jà. Báwo wá ni wọ́n ṣe mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́? Wọ́n ka àwọn tó kú, wọ́n ka àwọn tó kù. Ta ló kà wọ́n? Àwọn obìnrin bí Arlys ni, nínú yàrá tí kò ní fèrèsé. Orúkọ àwọn dókítà wà lára ògiri. Orúkọ tèmi náà wà níbẹ̀, lára bàbà tó ń dán, lẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀rọ ayàwòrán tuntun tó ń ya àwòrán inú ara, torí mo wà lára àwọn tó dáwó rà á. Mo ti mú àlejò lọ wò ó, mi ò purọ́. Níbo ni orúkọ Arlys wà?

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, wọ́n ra kọ̀ǹpútà tuntun tó ń kó gbogbo àkọsílẹ̀ jọ. Wọ́n gé àkàrà òyìnbó fún Arlys àtàwọn obìnrin méjì tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n ní kí wọ́n máa lọ sílé. Ẹ̀rọ ni yóò máa kọ lẹ́tà.

Ní Épírì tó kọjá, Arlys ń wúkọ́. Ó wọ inú ẹ̀rọ ayàwòrán, èyí tí orúkọ mi wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ojú ẹ̀rọ náà mú. Ó rí ohun tí kò ju kóró ẹ̀wà lọ nínú ẹ̀dọ̀fóró òsì. Ẹni tó ń ka àwòrán rí i, ó kọ ọ́ pé kí wọ́n tún un wò láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kọ̀ǹpútà fi ìwé náà ránṣẹ́ sí orúkọ dókítà Arlys àtijọ́, tó ti kó lọ sí ìpínlẹ̀ Arizona láti ìgbà òtútù tó ṣáájú. Oṣù méje ló fi wà níbẹ̀ láìsí ẹni tó ṣí i.

Wendell ọkọ rẹ̀ ní òun bẹ̀ ẹ́ títí pé kó pè wọ́n. Èsì tó fún un rèé: "Bí nǹkan bá wà, wọ́n á pè mí, Wendell. Ṣebí èmi ni mo máa ń pe àwọn èèyàn."

Ó gbà pé ẹnì kan ṣì wà nísàlẹ̀ ilé ìwòsàn yẹn tó di fóònù mú. Òun gan-an lẹni náà, wọ́n sì ti lé e lọ sílé. Wọ́n ní ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹ wo ilẹ̀ tí Arlys tẹ̀.

Ní Nọ̀fẹ́ńbà, ó wúkọ́, ẹ̀jẹ̀ bá a jáde. Kóró ẹ̀wà ti di ìkúùkù, ó ti wọ egungun. Oògùn tó jí àwọn ọmọ ogun tèmi kò rí tirẹ̀ jí mọ́. Tèmi ju kóró ẹ̀wà lọ dáadáa nígbà tí wọ́n rí i, ẹ ṣáà rí mi.

Mo pe ilé ìwòsàn. Ọmọkùnrin kan tó mọ̀rọ̀ sọ ní ẹ̀rọ ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ìwé lọ síbi tó yẹ kó lọ, ètò ló kù díẹ̀ káàtó, kò sí ẹni kan pàtó tó jẹ̀bi. Ó ga o. Nígbà tí ẹ̀rọ náà dé, èèyàn mọ́kànlá ló dúró tì í láti ya fọ́tò. Nígbà tí wọ́n ń lé Arlys, èèyàn ló fọwọ́ sí ìwé. Ọjọ́ tó kú nìkan ni kò sí èèyàn kankan nílé ìwòsàn mọ́, tó fi ku ètò.

Ní Wẹ́sìdeè, ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn ìsìnkú, lẹ́tà dé. Ẹ̀rọ náà ló kọ ọ́. "Arlys Tuominen, a fẹ́ mọ bí ara yín ṣe rí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá wa lóhùn láàárín ọgbọ̀n ọjọ́." Wendell gbé e sórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ awò ojú ìyàwó rẹ̀.

"Rudy," ó ní, "kí ni kí n kọ?"

Mo ká lẹ́tà náà, mo fi sápò.

Mi ò bá ẹ̀rọ jà. Ẹ̀rọ rí i. Orúkọ èèyàn ni mò ń fẹ́: ta ló yẹ kó pe Arlys? Ta ni yóò sì máa fi ẹnu ara rẹ̀ pe ẹni tí àwòrán rẹ̀ kò bá dára láti òní lọ?

Ní ọjọ́ Túsìdeè tó ń bọ̀, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn yóò jókòó ní gbangba. Èmi àti Wendell yóò wà ní ìlà iwájú pẹ̀lú lẹ́tà yẹn. Bí wọ́n bá dárúkọ èèyàn, màá bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, màá máa lọ sílé. Bí wọ́n bá tún pe ètò fún mi, òòlù tí mo fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yóò wà lápò mi, màá gun àtẹ̀gùn lọ sí àjà kẹta, màá yọ orúkọ mi kúrò lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Ìṣó mẹ́rin ló dì í mú. Mo ti lọ kà wọ́n.