Ọkọ̀ Tí Kò Pariwo

Ẹnudùn ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà létí adágún, orúkọ ọ̀hún sì yẹ ẹ́. Òun ló ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé àwọn àlejò tó wá ṣe fàájì káàkiri, tó sì ń ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń rí fún wọn. Ká má parọ́, ìdajì àlàyé rẹ̀ irọ́ ni. Òkúta lásánlàsàn, á ní ọmọge kan ló bínú títí tó fi di òkúta síbẹ̀. Àwọn àlejò á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn.

Ọkọ̀ àtijọ́ tó ń wà, elépo ni. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń han gooro bí ẹni tí wọ́n tẹ ọmọ ìka rẹ̀ mọ́lẹ̀. O ò lè gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni tó jókòó tì ọ́ àfi kó kígbe. Igbe ni Ẹnudùn fi ń sọ̀rọ̀ látàárọ̀ dalẹ́. Nílé pàápàá, igbe ló fi ń bèèrè iyọ̀.

Níbi tí adágún ti ṣẹ́ kọ́nà, tí ọkọ̀ ń gba ẹ̀bá ilẹ̀ kọjá, ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wà níbẹ̀. Aṣọ ibùsùn ilé ìtura ni obìnrin náà ń fọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni Ẹnudùn ti máa ń ju àwàdà tó dùn jù sílẹ̀. Á na ọwọ́, á ní: "Ẹ wo Ìyàwó Etídò! Ó ti ń retí ọkọ látìgbà tí adágún yìí ti wà ní kòtò! Ẹni tí kò bá níyàwó kó sọ̀ kalẹ̀ o, ì báà máà léyín lẹ́nu, á gbà á!" Ẹ̀rín kèékèé á bọ́ lẹ́nu gbogbo èrò ọkọ̀. Wọ́n á yíjú sí etí omi, wọ́n á máa juwọ́. Obìnrin náà á gbé aṣọ sílẹ̀, á nu ọwọ́ rẹ̀, á juwọ́ padà sí wọn.

Ohun tí Ẹnudùn kì í sọ fún àlejò kankan ni pé ẹ̀gbọ́n yìí ló tọ́ ọ. Ọmọ ọwọ́ ló wà nígbà tí ìyá wọn kú. Ọkùnrin kan wá fẹ́ ẹ̀gbọ́n, èèyàn dáadáa ni, ṣùgbọ́n ó ní òun kò lè gbé ìyàwó tọmọtọmọ wọlé. Ẹ̀gbọ́n ní, "Ó dàbọ̀ nìyẹn." Ẹlòmíràn kò wá mọ́. Ẹ gbọ́ mi ná! Ohun tó sọ ọ́ dèèyàn ló fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ kiri ojú omi.

Epo ọkọ̀ yẹn ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ó ń léfòó lórí omi, ó ń ba aṣọ funfun tí ẹ̀gbọ́n ń fọ̀ jẹ́, ẹja ń kú, àwọn ẹyẹ tí àwọn àlejò tìtorí wọn wá sì ń ṣí lọ. Nígbà tí màníjà ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ pe gbogbo ará etí adágún sípàdé pé àwọn fẹ́ ra ọkọ̀ oníbátìrì, Ẹnudùn fárígá.

"Ọkọ̀ tí kò dún? Òkú lẹ fẹ́ kí n máa wà kiri! Bí bátìrì bá kú láàárín omi ńkọ́, ṣé eyín lẹ ó fi fà wá jáde?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá dìde lẹ́yìn. "Ẹ jẹ́ ká rà á," ó ní. "Àbúrò mi ni yóò wà á. Kò sí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n ṣe." Bí ìpàdé ṣe parí nìyẹn.

Ọjọ́ tí ọkọ̀ tuntun kọ́kọ́ gbéra, ó ń yọ̀ lọ lórí omi, ó dákẹ́ pinpin. Àwọn àlejò náà dákẹ́, wọ́n ń gbọ́ ẹyẹ. Inú bí Ẹnudùn. Lójú rẹ̀, àfi bíi pé wọ́n já iṣẹ́ gbà lẹ́nu òun. Ló bá gbé ohùn sókè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n fi máa dé kọ́nà, ẹ̀gbọ́n ti wà létí omi. Kò fọṣọ lọ́jọ́ náà. Aṣọ tó dára jù tó ní ló wọ̀ wá wo ọkọ̀ àbúrò rẹ̀, ó sì ti ń juwọ́ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ọwọ́ Ẹnudùn kàn nà ni. "Ẹ wo Ìyàwó Etídò!" Ó sọ ọ́ tán pátápátá, títí dórí aláìléyín. Ohùn rẹ̀ lọ gbá ògiri ilé náà, ó padà wá bá a. Ìgbà yẹn ló tó rántí pé kò sí ariwo ẹ́ńjìnnì tó máa ń bo ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ mọ́. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n há sókè. Àwọn àlejò tó ti ń rẹ́rìn-ín rí ojú rẹ̀, ẹ̀rín kú mọ́ wọn lẹ́nu. Ó rọra sọ ọwọ́ kalẹ̀, ó wọlé. Kò tilẹ̀ gbá ilẹ̀kùn. Ojú ti Ẹnudùn, ká ní omi lè lanu ni, ì bá bọ́ sínú rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ń wá ibi tí yóò tẹ̀ kí nǹkan lè pariwo, kò rí i.

Bó ṣe sọ̀ kalẹ̀, ilé ẹ̀gbọ́n ló gbà lọ. Kò lè wọlé; ẹnu ọ̀nà ló dúró sí. Ẹ̀gbọ́n ń ká aṣọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, àwàdà ni. Ẹ fọwọ́ wọ́nú."

"Ṣé òní lo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ni?"

Irọ́ kì í wọ́n ọn, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ẹyọ kan kò wá sẹ́nu rẹ̀. "Rárá, ẹ̀gbọ́n. Ó ti pẹ́."

Ẹ̀gbọ́n ká aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán kó tó sọ̀rọ̀. "Mo rò pé wọ́n ń kí mi ni. Mo máa ń sọ fún àwọn tá a jọ ń fọṣọ pé àbúrò mi ń ròyìn mi fún àwọn àlejò, pé ìyẹn ni gbogbo wọn ṣe ń rẹ́rìn-ín sí mi. Mo máa ń nu ọwọ́ mi kí n tó juwọ́ sí wọn."

Ì bá sàn kó bú u. Kò bú u. Ó ní kó máa lọ jẹun.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n tún dé kọ́nà. Kò sẹ́nì kan létí omi, fèrèsé wà ní títì. Omi ti ń mọ́ bọ̀ níbẹ̀, èèyàn ti ń rí òkúta wẹ́wẹ́ díẹ̀ nísàlẹ̀. Àlejò kan bèèrè pé ilé ta nìyẹn.

"Ilé ẹni tó tọ́ mi ni," Ẹnudùn dáhùn, ohùn rẹ̀ kò jáde.

"A ò gbọ́ o."

Ló bá kígbe bó ṣe máa ń kígbe àwàdà rẹ̀ tẹ́lẹ̀. "Ẹni tó tọ́ mi dàgbà ló ń gbébẹ̀! Tìtorí tèmi ni kò fi lọ́kọ! Irọ́ ni mo ń pa mọ́ ọn látọjọ́ yìí!"

Ògiri dá ohùn rẹ̀ padà. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Àwọn àlejò na ọwọ́ sókè, wọ́n ń juwọ́ sí ilé náà. Ẹnudùn dín eré ọkọ̀ náà kù, ó dúró díẹ̀ síbẹ̀, ojú rẹ̀ wà lára fèrèsé. Fèrèsé kò ṣí.