Ààwẹ̀ Tí Mo Bù Lé Ara Mi

Kọ́ńdọ̀mù náà kò ya. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí nǹkan bí oṣù kan ni mo fi ń sọ ọ́ fún ara mi tí n kò gbà á gbọ́.

Ọ̀rẹ́ mi àtijọ́ ni ọmọbìnrin náà, a jọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ó wá sí Ìlọrin fún ìdánwò iṣẹ́ kan, ó yà kí mi ní ṣọ́ọ̀bù, ọ̀rọ̀ àná sì fà wá títí a fi bá ara wa nínú yàrá tí ó gbà sí Tanke. Mo wo déètì tó wà lára kọ́ńdọ̀mù náà kí n tó lò ó. Nígbà tí mo bọ́ ọ, mo gbé e sókè síwájú gílóòbù iná, mo yẹ̀ ẹ́ wò bí ìyá ẹlẹ́yin ṣe ń yẹ ẹyin wò. Kò sí ihò kankan lára rẹ̀.

Ọkàn mi balẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹrin ni wọ́n gbé pírọ́jẹ́ẹ̀tì kan wá.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa tẹ ìwé, kí n máa ṣe fọ́tòkọ́pì, kí n sì máa di ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Tanke. Ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí mọ̀ pé a kì í ka ohun tí a ń dì. Àmọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ló ni pírọ́jẹ́ẹ̀tì yìí, orí àwọn àrùn tí ìbálòpọ̀ ń kó ràn ni ó kọ ọ́ lé, ojú mi sì ṣèèṣì bọ́ sí ojú ewé tí wọ́n kọ àwọn àmì éèdì sí. Ara rírù. Àárẹ̀. Orí fífọ́. Ẹnu tó ń bó. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo tún tẹ ẹ̀dà kan fún ara mi, mo ká a sínú àpò, bí òmùgọ̀.

Ìgbà náà ni ẹ̀rù wọ̀ mí lára. Wọ́n ní ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló á sá. Èmi tí ejò kò bù ṣán rí, ekòló ni mo ń sá fún kiri. Ikú gan-an kọ́ ni mo bẹ̀rù jù. Èmi nìkan ni ìyá mi bí, ilé kan náà ni a sì ń gbé ní àdúgbò Adéwọlé láti ìgbà tí bàbá mi ti kú. Ojú wo ni mo fẹ́ fi wò ó tí mo bá kó irú àrùn bẹ́ẹ̀ wọlé? Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn nìyẹn.

Ó yẹ kí n lọ sí ọsibítù. Dípò bẹ́ẹ̀, ilé kéwú ni ọkàn mi sá lọ. Mo rántí pé áfáà wa sọ ìtàn ọkùnrin kan tó bá obìnrin lò pọ̀, tí wọ́n ní kó gba ààwẹ̀ ọgọ́ta ọjọ́ léraléra. Ojú kò jẹ́ kí n bi áfáà kankan léèrè. Mo bá bu ọgọ́ta náà lé ara mi. Lójú tèmi, tí mo bá gbà á pé, Ọlọ́run á wẹ ẹ̀jẹ̀ mi mọ́.

Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi pé mo fẹ́ máa gbààwẹ̀, kò wádìí. Ó wò mí díẹ̀, ó ní, "Ọlọ́run á gbà á ní àdúà." Láti ọjọ́ kejì ló ti ń jí dáná sààrì fún mi. Á jókòó tì mí, á bu díẹ̀ jẹ nínú ohun tí mò ń jẹ. Mo rò pé kò fẹ́ kí n dá jẹun ni. Ìrọ̀lẹ́ ńkọ́, Tanke ni mo ti máa ń ṣínu, pẹ̀lú kókó àti mọ́sà, kí n tó ti ṣọ́ọ̀bù.

Nígbà tó máa fi di ọ̀sẹ̀ méjì, ṣòkòtò mi ti ń bọ́ sílẹ̀. Mo yọ ìwé inú àpò mi wò: ara rírù. Orí ń fọ́ mi ní ọ̀sángangan. Ìyẹn náà wà níbẹ̀. Ètè mi gbẹ, ó sì bó. Ohun tójú ń wá lojú ń rí. Bí àmì tuntun bá ti yọ, n ó tún dín sààrì mi kù, kí àdúà náà lè tètè gbà. Ọmọbìnrin náà pè mí lẹ́ẹ̀mẹ́rin, n kò gbé e. Mo ti dá a lẹ́bi tán nínú ọkàn mi, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yẹ ẹnikẹ́ni wò.

Ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n ààwẹ̀ náà, òòyì kọ́ mi nídìí ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì, díẹ̀ ló kù kí n ṣubú. Mo ní ó ti dé nìyẹn. Mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà-Ọba, nítorí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ló mọ̀ mí ní Tanke.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan tó fi ìbòrí funfun borí ló pè mí wọlé. Ó béèrè ohun tó ń ṣe mí.

"Mo ti kó éèdì, mà."

"Ta ló yẹ̀ ọ́ wò?"

"Èmi ni, mà." Mo na ìwé inú àpò mi sí i.

Ó kà á tán, kò rẹ́rìn-ín. Ó bi mí bóyá kọ́ńdọ̀mù náà ya, bóyá ó yọ, bóyá ìtọ̀ ń ta mí tàbí nǹkan ń jáde lára nǹkan ọmọkùnrin mi. Rárá ni mo ń dáhùn.

"Kí lo jẹ láàárọ̀?"

"Mò ń gbààwẹ̀, mà. Ó di ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n lónìí."

Ó gbé bíró rẹ̀ sílẹ̀. "Ta ló bù ú lé ọ?"

Mo ṣàlàyé. Ó mi orí. "Ẹni tó bá bá obìnrin lò pọ̀ ní ọ̀sán Ràmàdáànì ni wọ́n bu ọgọ́ta lé. Ṣé Ràmàdáànì la wà ni? Túúbá ni tìẹ, ìyẹn sì wà láàárín ìwọ àti Ọlọ́run ẹ. Èyí tó kàn mí nínú ọ̀rọ̀ ẹ ni pé ebi ń pa ọ́, ọmọ mi."

Ó gún mi níka. Ìṣẹ́jú díẹ̀ tí a fi dúró yẹn gùn ju gbogbo ààwẹ̀ náà lọ. Nígbà tó ṣe, ó fi èsì hàn mí: ìlà kan ṣoṣo, kò sí nǹkan. Ó ní kí n padà wá tó bá pé oṣù mẹ́ta, kí ọkàn mi lè balẹ̀ pátápátá, àmọ́ òun kò retí nǹkan kan níbẹ̀. "Kọ́ńdọ̀mù ẹ ṣe iṣẹ́ ẹ̀. Tó bá ya lọ́jọ́ kan, sáré wá kó tó pé ọjọ́ mẹ́ta, oògùn wà fún un. Má lọ máa gbààwẹ̀." Ó fún mi ní omi inú ọ̀rá. "Ọmọbìnrin yẹn ńkọ́?"

Mo pè é kí n tó wọ kẹ̀kẹ́. Mo sọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. "Èmi náà ti lọ yẹ ara mi wò, kò sí nǹkan," ó ní. "Nígbà tó ò gbé fóònù, mo rò pé o mọ ohun tó o kó ràn mí ni." Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ojú tì mí ju bó ṣe tì mí níwájú nọ́ọ̀sì lọ.

Nígbà tí mo délé, ìyá mi wà lórí ẹní, ó ń ṣe tẹ̀sùbáà. Omi ọ̀rá náà ṣì wà lọ́wọ́ mi.

"Ìyá, mo ti dá ààwẹ̀ náà dúró."

"Ṣé ohun tó ò ń tọrọ ti tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́?"

"Ó ti tẹ̀ mí lọ́wọ́, Ìyá."

Ó na ọwọ́ sí mi. "Gbé omi yẹn wá nígbà náà."

Ó mu ún tán láìsinmi. Mo bi í pé láti ìgbà wo lòun náà ti ń gbààwẹ̀.

"Láti ọjọ́ kìíní," ó ní. "N kò mọ ohun tó ń dà ọ́ láàmú. Ṣé kí n wá jẹ́ kí ìwọ nìkan máa bẹ Ọlọ́run?"

Mo wá wò ó dáadáa. Egungun ọrùn rẹ̀ ti yọ, ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ ti sún dé ìdajì apá. Láti ìgbà tí mo ti ń wá ara rírù kiri, ara èmi nìkan ni mò ń wò.