Gààrí Oníyọ̀ àti Àsíá Ẹgbẹ́ Wa

Bí ẹ bá bi mí pé kí ni mo fẹ́ràn jù láyé lẹ́yìn àwọn ọmọ mi, ojú ẹsẹ̀ ni n ó dáhùn: gààrí Ìjẹ̀bú nínú omi tútù, tí ẹ̀pà yíyan léfòó lórí rẹ̀. Ìyàwó mi mọ̀ pé òun ló yẹ kí n kọ́kọ́ dárúkọ, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tó ti fara mọ́ ọn.

Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ tíṣà ni ọ̀rẹ́ mi kan, ẹlẹgbẹ́ mi láti kékeré, ti máa ń wá bá mi lọ́sàn-án nílé mi ní Ìjẹ̀bú-Òde. Aṣọ ló ń tà tẹ́lẹ̀. Alájì ni gbogbo àdúgbò ń pè é; Tíṣà lòun ń pè mí. Abẹ́ igi máńgòrò la máa ń jókòó sí, a ó mu gààrí, a ó sì máa sọ̀rọ̀ ìlú yìí nígbà tí ẹsẹ̀ ẹni ṣì ni ọkọ̀ ẹni.

Lọ́dún kan, àtọ̀gbẹ mú kí wọ́n gé ẹsẹ̀ aládùúgbò wa kan. Ẹ̀rù bà wá. A pinnu pé ṣúgà kò gbọ́dọ̀ kan gààrí wa mọ́. Ṣùgbọ́n kí la ó wá fi sí i? Alájì ló ní, “Tíṣà, iyọ̀ ńkọ́? Iyọ̀ ò pa ẹnì kankan rí.” Mo rò ó síwá sẹ́yìn bí ẹni tó kàwé, mo ní òótọ́ ló sọ. Iyọ̀ sì bá kíkan gààrí náà mu gan-an! Inú wa dùn débi pé a kéde rẹ̀ nípàdé rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa, ìyẹn ẹgbẹ́ àwa tí wọ́n bí lákòókò kan náà, tí a jọ máa ń tò lọ kí Ọba ní Ojúde Ọba, lọ́jọ́ kẹta Iléyá. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún wa.

Ìpàdé kan náà ni wọ́n ti yàn mí láti gbé àsíá ẹgbẹ́ síwájú lọ́dún náà. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Gbogbo ọdún tí mo fi ṣe tíṣà nílùú òkèèrè, orí rédíò ni mo ti ń gbọ́ ìró Ojúde Ọba. Nígbà tí mo délé, ìyàwó mi ní, “Ó dára. Ṣùgbọ́n o ó kọ́kọ́ lọ wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ.”

“Ara mi le koko.”

“Kó le níwájú dókítà kí n rí i.”

Ọ̀dọ́mọbìnrin ni dókítà náà. Ó we aṣọ mọ́ mi lápá, ó wo ẹ̀rọ, ó tún we é mọ́ apá kejì.

“Bàbá, ṣé orí máa ń fọ́ yín?”

“Rárá o.”

“Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Tiyín ti ga.”

Ó béèrè nípa àwọn òbí mi. Mo sọ fún un pé bàbá mi ṣubú lójú oko ní Ìjẹ̀bú-Imùṣin, kò sì dìde mọ́. Pé àwọn ará ilé ní ọwọ́ ayé ni. Ó rọra ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ríru, nítorí ó máa ń rìn nínú ìdílé. Mo rántí àbúrò bàbá mi tí a ní òun ló pa á, tí gbogbo wa fojú burúkú wò títí ó fi kú.

“Ẹ ń fa sìgá?”

“Nígbà tí mo wà ní yunifásítì ni. A rò pé láìsí èéfín, ọgbọ́n kì í jáde.”

“Ó dára tí ẹ jáwọ́. Ẹ máa ń rìn?”

Ìyàwó mi bú sẹ́rìn-ín. “Dókítà, ọ̀kadà ló ń gbé bàbá yìí lọ ra búrẹ́dì lóríta!”

Mo rí i pé wọ́n fẹ́ dójú tì mí, ni mo bá fi oúnjẹ gbèjà ara mi. “Mi ò fẹnu kan ṣúgà o! Iyọ̀ ni mo ń fi sí gààrí mi.”

Dókítà gbé bírò kalẹ̀. “Iyọ̀? Nínú gààrí?”

“Àti ẹ̀pà oníyọ̀,” ìyàwó mi fi kún un. “Lójoojúmọ́.”

Ọmọ náà yíjú sí ògiri. Èjìká rẹ̀ ń mì fún ẹ̀rín. Nígbà tó rí ara rẹ̀ gbà, ó ní, “Bàbá, ẹ sá fún òjò, ẹ bọ́ sódò.” Ó ṣàlàyé pé iyọ̀ máa ń dá omi dúró sára, ẹ̀jẹ̀ á máa ti iṣan tipátipá, ọkàn á máa ṣiṣẹ́ bí ẹrú, títí ọjọ́ tí rọpárọsẹ̀ tàbí àìsàn kíndìnrín yóò dé. Ó fún mi lóògùn tí n ó máa lò lójoojúmọ́.

“Ojúde Ọba ńkọ́?” ni mo bi í.

“Ẹ padà wá kí Iléyá tó dé. Bó bá wálẹ̀, ẹ gbé àsíá yín. Bí kò bá wálẹ̀, abẹ́ ìbòòji lẹ ó ti wòran.”

“Etí mi ló gbọ́ o,” ni ìyàwó mi wí.

Nígbà tí mo ròyìn fún Alájì, ó ní, “Tíṣà, gbogbo ìwé tó o kà yẹn, wọn ò kọ ọ̀rọ̀ iyọ̀ síbẹ̀?”

“Ìwọ kọ́ lo mú iyọ̀ wá?”

“Èmi mú un wá, ìwọ alákọ̀wé lo fọwọ́ sí i!”

Ṣùgbọ́n òun náà lọ wọn tirẹ̀. Ó dé, kò lè rẹ́rìn-ín mọ́: tirẹ̀ náà ti ga.

A bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láàárọ̀ lẹ́yìn tí Alájì bá ti kírun àsùbáà. A ń kọjá nílé àwọn ọ̀rẹ́ wa tó ti lọ. Nípa ọ̀pọ̀ nínú wọn, “ó ṣubú lójijì” lohun tí a gbọ́. Alájì á ṣe àdúà fún wọn, a ó sì tún tẹsẹ̀ mọ́rìn.

Gààrí ló nira. Omi nìkan ni ìyàwó mi ń bù sí i. Ńṣe là ń mu ún bí ọmọ tí wọ́n fún ní àgbo. Àfi lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kíkan rẹ̀ kàn mí láhọ́n, mo sì fojú inú rí ìyá bàbá mi ní Imùṣin, lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada, tó ń bu gààrí gbígbóná sí mi lọ́wọ́, tó ń wí pé, “Gààrí tó bá ń wá olùrànlọ́wọ́, kì í ṣe ti Ìjẹ̀bú.” Alájì wò mí. “Ó dùn, àbí?” Mo ní ó dùn.

Nígbà tí mo padà sọ́dọ̀ dókítà, mo sé èémí.

“Ẹ mí, Bàbá.” Ó wo ẹ̀rọ, ó rẹ́rìn-ín. “Ó ti wálẹ̀.”

“Ṣé kí n jáwọ́ nínú oògùn?”

“Oògùn yẹn àti ẹsẹ̀ yín ló mú un wálẹ̀. Ẹ má dán an wò.”

Mo gbé àsíá náà. Ó wúwo, atẹ́gùn sì ń fà á mọ́ mi lọ́wọ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, Alájì ń sọ pé, “Rọra o, Tíṣà, eré ìje kọ́!” A dé iwájú Ọba, a dọ̀bálẹ̀, a sì dìde fúnra wa.

Lẹ́yìn rẹ̀, ẹgbẹ́ jókòó síbòòji, wọ́n gbé gààrí wá. Ẹlẹgbẹ́ wa kan tó ti Èkó dé, tí kò tíì gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, yọ iyọ̀ nínú àpò, ó na ìka sí wa: “Ẹ̀yin méjèèjì lẹ kọ́ mi!”

Alájì fi ọwọ́ méjèèjì bo abọ́ rẹ̀.