Fìlà tí Mo Ṣí Lórí Bàbá Mi

Òórùn káńfọ̀ ló máa ń gbé ọ̀rọ̀ yìí padà wá bá mi, káńfọ̀ funfun róbótó tí bàbá mi ń jù sí ìsàlẹ̀ àpótí rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, sí àárín àwọn aṣọ tí kì í wọ̀ lásán. Inú àpótí yẹn ni fìlà náà wà, nínú ọ̀rá, lórí agbádá tó fi gbéyàwó. Bí o bá rí fìlà ọ̀hún, wàá rẹ́rìn-ín. Féèsì káàpù aláwọ̀ ewé lásán ni, orúkọ ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe mínírà sì wà níwájú rẹ̀ gàdàgbà-gàdàgbà. Irú rẹ̀ pọ̀ nígboro lọ jàra. Àwọn ọlọ́kadà ń dé e, àwọn tó ń po sìmẹ́ńtì ń dé e, mo sì ti rí ẹni tó fi ń nu gíláàsì ọkọ̀ rí. Ṣùgbọ́n bàbá mi tọ́jú tirẹ̀ bí ẹni tọ́jú fìlà oyè, ó sì nídìí.

Olùkọ́ ni bàbá mi, òun ló sì ń bójú tó eré ìdárayá nílé-ìwé girama kan nílùú wa títí tó fi fẹ̀yìn tì. Mo mọ pápá wọn dáadáa, nítorí pé ibẹ̀ ni mo ti máa ń dúró dè é lọ́sàn-án nígbà tí mo wà lọ́mọdé, kí a lè jọ lọ sílé. Ọparun ni wọ́n fi ṣe góòlù, kò sí àwọ̀n lẹ́yìn rẹ̀, tí wọ́n bá sì ti gbá bọ́ọ̀lù wọlé, inú oko kòkó ni wọ́n ti ń wá a. Lọ́dún kan, ilé-iṣẹ́ mínírà yìí gbé mọ́tò wá, wọ́n já àwọ̀n méjì sílẹ̀, bọ́ọ̀lù mẹ́ta àti páálí fìlà kan. Wọ́n ya fọ́tò, wọ́n sì lọ kí oòrùn tó kan àtàrí. Bàbá mi kọ lẹ́tà ìdúpẹ́ sí wọn. Kò rí èsì, ó tún kọ òmíràn, ó ní bóyá ti àkọ́kọ́ sọnù lọ́nà ni. Nígbà tí èyí náà ò mú èsì wá, ó gbé fìlà tirẹ̀ sínú àpótí, ó ní ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọn yóò rí i lórí òun.

Ìwọ náà mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Bí ẹnìkan bá fún ọ ní nǹkan wíwọ̀, ẹ ṣeun tí o sọ lọ́jọ́ náà, àbọ̀ ọpẹ́ ni. Ọjọ́ tó bá rí i lára rẹ lo tó dúpẹ́ tán. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ra bàtà kan fún mi nígbà kan rí tó há mi lẹ́sẹ̀ burúkú-burúkú. Bàtà yẹn náà ni bàbá mi ní kí n wọ̀ lọ kí i ní Iléṣà. Mo ń tiro, mo ń rẹ́rìn-ín músẹ́, títí ó fi wo ẹsẹ̀ mi tó sì ní, "Ó mà bá ọ lẹ́sẹ̀ mu o." Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n tó gbà fún mi kí n bọ́ ọ. Ẹ̀kọ́ ilé wa nìyẹn, n kò sì rò pé ó lè kó bá ẹnikẹ́ni.

Ó wá di ọdún tí ilé-ìwé bàbá mi dé àṣekágbá ìdíje bọ́ọ̀lù àwọn ilé-ìwé girama, tí wọ́n sì ní Òṣogbo ni wọn yóò ti gbá a. Kì í ṣe ìdíje kékeré. Gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà ni àwọn ọmọ ti wá, tẹlifíṣọ̀n sì ń gbé e. Ọ̀gá ilé-ìwé ránṣẹ́ sí bàbá mi pé bí àwọn ọmọ bá borí, òun ni yóò gbé ife lé wọn lọ́wọ́, nítorí pé òun ló kọ́ ẹni tó ń kọ́ wọn. Nígbà náà, mo ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Òṣogbo, mo sì ń gbé ní Òkè-Fìà, ọ̀dọ̀ mi ló sì sùn sí. Láàárọ̀, ó wọ bùbá àti ṣòkòtò funfun tó lọ̀ dáadáa, ó tú ọ̀rá, ó sì fa féèsì káàpù yọ. Òórùn káńfọ̀ gba gbogbo pálọ̀.

"Bàámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dé abetí ajá yín," ni mo wí. "Ilé-iṣẹ́ mìíràn ló ń náwó sí eré tòní. Mínírà làwọn náà ń tà."

"Kí ló wá kàn mí nínú ìyẹn? Àwọ̀n tí àwọn ti ìjọ́sí fún wa làwọn ọmọ wa fi mọ góòlù í gbá. Ṣé ọjọ́ tó so èso ni kí n wá ṣe bí ẹni tí ò mọ̀ wọ́n?"

"Wọn ò ní sí níbẹ̀."

"Ẹni tó mọ̀ wọ́n á wà níbẹ̀. Oníṣòwò wo ló máa bínú pé wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnìkejì rẹ̀?"

 Mo tilẹ̀ rò ó nínú ara mi pé òótọ́ ló sọ, ta ni yóò bínú sí ọpẹ́, a sì jáde.

Ẹnu géètì pápá ìṣeré pupa yòò lọ́jọ́ yẹn. Ṣẹ́ẹ̀tì pupa, agboorùn pupa, abẹ̀bẹ̀ pupa tí wọ́n ń já lé gbogbo èèyàn lọ́wọ́. Òórùn ọ̀dà tuntun tí wọ́n fi tẹ orúkọ sára aṣọ sì dà pọ̀ mọ́ ti òógùn, ó ń ta síni nímú. Ọmọbìnrin kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì ilé-iṣẹ́ náà na ọwọ́ dí wa lọ́nà. Kò lè ju ọmọ ogún ọdún lọ. Ó wo orí bàbá mi.

"Bàbá, yọ fìlà yẹn."

Bàbá mi rò pé òun ò gbọ́ dáadáa. "Kí lẹ wí, ọmọ mi?"

"Fìlà yẹn ò lè wọlé. Tiwa nìkan ló ń wọlé."

Ṣé o gbọ́? Yọ, kì í ṣe ẹ yọ, sí ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Àpò ìrẹsì ńlá kan wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń kó ohun tí wọ́n bá gbà sí: agboorùn ìyá àgbà kan, ike omi ọmọdé, abẹ̀bẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ mìíràn ti pín lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà kan. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí. Àwọn tó ń fi ọ̀fẹ́ fa ojú wa mọ́ra ló tún ń bá wa jà nítorí ọ̀fẹ́ ẹlòmíràn.

Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ó fẹ́ sọ ìtàn àwọ̀n méjì àti bọ́ọ̀lù mẹ́ta fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, bí olùkọ́ ṣe máa ń ṣe. Ẹ̀yìn wa ti kún. Ẹnìkan pariwo pé kí a kúrò lọ́nà. Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí àwọn méjì tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan náà, wọ́n ń wò wá, ojú sì tì mí. Mo na ọwọ́, mo ṣí fìlà náà lórí bàbá mi. "Bàámi, fìlà lásán ni," ni mo wí, mo sì jù ú sínú àpò.

Ọwọ́ bàbá mi lọ sókè, ó kan orí rẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ojú ibi tí fìlà ti tẹ iwájú orí rẹ̀ ṣì hàn. Kò wo ọmọbìnrin náà mọ́. Èmi ló ń wò. Nígbà tí ọmọbìnrin náà na fìlà pupa sí i, ó rọra dá a padà. "Ẹ ṣeun," ló wí. "N ò tíì gba nǹkan kan lọ́wọ́ yín tí mo fẹ́ dúpẹ́ rẹ̀." Ó sì wọlé láìdé nǹkan kan sórí.

O mọ ìtìjú tó jẹ́ fún àgbàlagbà Ìjẹ̀ṣà láti jókòó ní gbangba láìdé fìlà. Inú oòrùn la wà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, òógùn ń ṣàn lára irun funfun rẹ̀ wọ ọrùn bùbá, kò sì bá mi sọ ju ọ̀rọ̀ méjì lọ. Góòlù kan ṣoṣo ló wọlé, tiwa ni. Gbogbo èèyàn dìde, òun náà dìde, ó ń pe orúkọ àwọn bàbá àwọn ọmọ náà, nítorí pé òun ló kọ́ àwọn bàbá wọn. Fún ìṣẹ́jú yẹn, mo rò pé ó ti gbàgbé.

Wọ́n pè é sórí pèpele. Ọkùnrin kan tó gbé máìkì lọ́wọ́, aṣojú ilé-iṣẹ́ náà, ní kò sẹ́ni tó lè dúró níbẹ̀ láìdé tiwọn. Kò bi í léèrè. Ẹ̀yìn ló gbà gbé fìlà pupa lé e lórí, bí ẹni dé ìkòkò, ó sì ti ife bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Wọ́n ya fọ́tò láìmọye. Bàbá mi rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò náà, mo sì mọ ohun tó ń rẹ́rìn-ín sí: ọ̀kan lára àwọn ọmọ ló dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un nígbà yẹn, tó dìde tí eruku bo imú rẹ̀. Bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ló bọ́ fìlà náà, ó gbé e sórí tábìlì wọn. A padà sẹ́nu géètì láti wá féèsì káàpù aláwọ̀ ewé. Àpò ìrẹsì ti lọ, ọmọbìnrin náà ti lọ, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n kó ẹrù àwọn èèyàn gbà.

Ó lé díẹ̀ lóṣù kan lẹ́yìn náà, mo ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, mo bá rí bàbá mi lókè ní Òkè-Fìà. Pátákó ìpolówó ni, ó ga ju ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ. Ojú rẹ̀ nìyẹn, ẹ̀rín rẹ̀ nìyẹn, fìlà pupa wà lórí rẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ ni pé, "Èyí ni mo fi tọ́ wọn dàgbà." Bàbá mi tó ní àtọ̀gbẹ! Ẹni tí kò fi mínírà kan ẹnu láti ọdún gbọọrọ. Omi inú kẹ́ẹ̀gì àti ọsàn tí ìyá mi bó ló fi tọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyẹn, pẹ̀lú ariwo tó fi há lóhùn. Mo dúró lábẹ́ pátákó náà títí ọlọ́kadà kan fi fun fèrè mọ́ mi.

Mo lọ sí ọ́fíìsì wọn lọ́jọ́ náà gan-an. Ọkùnrin tó dá mi lóhùn ní kí n jókòó, ó ní ó wà lẹ́yìn tíkẹ́ẹ̀tì pé ẹni tó bá wọlé ti gbà kí wọ́n lo fọ́tò òun. Mo wá tèmi nínú báàgì, ó sì wà níbẹ̀ lóòótọ́, ní lẹ́tà tín-ín-tín tí n kò lè kà láìwọ jígí. Mo ní bàbá mi ò ra tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n pè é ni. Ó ní kí n má bínú. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù kan, ó gbé agboorùn pupa kan àti ṣẹ́ẹ̀tì méjì jáde, ó kó wọn síwájú mi. "Ẹ bá wa kó o fún bàbá," ló wí.  Mo fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì, mo jáde sínú òjò, aṣọ iṣẹ́ mi sì ti tutù rìnrìn kí n tó délé.

Onílé mi, Alhaja kan tí wọ́n bí sí ìdílé aránfìlà ní Òṣogbo, wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fọwọ́ rán fìlà. Mo jókòó tì í, mo sì tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: ọmọbìnrin tí kò lẹ́kọ̀ọ́, ọlọ́máìkì, pátákó, tíkẹ́ẹ̀tì. Ó ń gún abẹ́rẹ́, ó ń fà á, ó ń wí pé, "Súbúhánalláhì." Nígbà tí mo parí, ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí.

"Ta ló ṣí i lórí wọn?"

 Ó wo ojú mi, ó sì rí i pé èmi ni.

"Nílé tí wọ́n bí mi sí, ẹni tó ni orí ló ń ṣí fìlà," ló wí. "Àwọn ọmọ yẹn ò mọ̀. Ìwọ mọ̀."

Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Mo ti ń pa òwe yẹn láti kékeré, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ni ó tó yé mi.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, bàbá mi wá sí Òṣogbo fún àyẹ̀wò àtọ̀gbẹ rẹ̀ ní ọsibítù. Òkè-Fìà ni ọkọ̀ já a sí, lábẹ́ ojú ara rẹ̀. N kò tíì sọ fún un. Mo ṣì ń wá bí màá ṣe gbé e kalẹ̀. Mo gbọ́ kíkàn ilẹ̀kùn, mo ṣí i. Abetí ajá rẹ̀ wà lórí rẹ̀. Bó ṣe rí mi, ó gbé ọwọ́ sókè, ó ṣí i fúnra rẹ̀, ó sì dì í mú sí àyà.

"Mo ní kí n má fi wàhálà bá ọ," ló wí. "Ṣé eléyìí ń wọlé níbí?"

Ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀. Ìjẹ̀ṣà ni, kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kọjá láìfi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò bá ẹnu rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Mo kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀, mo ní kí ó dárí jì mí.  Ó kàn tẹ orí ba síwájú mi. Mo gba fìlà náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì dé e fún un, mo fa etí rẹ̀ wálẹ̀ bó ṣe máa ń fẹ́ ẹ, ó sì wọlé, ó ní kí n bu omi tútù fún òun.

Òjò àti oòrùn ti bó pátákó náà, wọ́n ti lẹ ojú ẹlòmíràn mọ́ ọn. N kò tíì dárí jì wọ́n, n kò sì ní in lọ́kàn. Bí mo bá bú wọn, mo máa ń bú wọn tọkàntọkàn, bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ fún mi pé fìlà lásán ni, mo máa ń dìde kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, nítorí pé mo mọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́. Lẹ́nu géètì lọ́jọ́ yẹn, ọmọbìnrin náà ò fọwọ́ kan orí bàbá mi. Pẹ̀lú gbogbo àìlẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ó dúró, ó ń wò, kò nawọ́. Èmi ni mo bá a nawọ́.