Adelina àti Àlejò Tó Wọ Inú Rẹ̀

Bí ọdún ìbòjú bá ti ń sún mọ́lé ní ìlú Jacmel, ọwọ́ Adelina kì í gbẹ. Ìwé àpò sìmẹ́ǹtì ló máa ń fi sítáàṣì lẹ̀ mọ́ orí amọ̀, títí yóò fi di ìbòjú tó ní ojú ẹkùn, ojú àkùkọ, tàbí ojú ọlọ́lá kan tí gbogbo ìlú ń bú lábẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ tí dókítà sọ fún un pé jẹjẹrẹ ti jẹ ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá àtúnṣe, ó délé, ó bu amọ̀, ó mọ ojú ọkùnrin kan tí oúnjẹ kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì.

Roz, àbúrò rẹ̀ tó ń tọ́jú rẹ̀, bi í pé, "Àǹtí mi, ta nìyí?"

"Àlejò mi ni. Ó wọ inú mi láìkan ilẹ̀kùn, ó ń jẹ mí, kò tiẹ̀ sọ pé iyọ̀ ò tó."

Ẹkún ni Roz fẹ́ sun, ẹ̀rín ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀fẹ̀ tó ran àárò Klebè, ọkọ Adelina. Orílẹ̀-èdè Chile ló ti ń ṣiṣẹ́. Ọjọ́ ìwé ìrìnnà rẹ̀ ti kọjá, kò lè wálé, ó ń lọ, ó ń bọ̀ ní ọ́fíìsì nídìí òmíràn. Adelina wá ń fi amọ̀ mọ ojú rẹ̀. Ó ṣe iwájú orí, ó ṣe imú. Nígbà tó kan ẹnu, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó pè é lórí fóònù.

"Klebè, apá ibo lẹnu ẹ máa ń wọ́ sí tó o bá ń rẹ́rìn-ín?"

"Báwo ni màá ṣe mọ̀? Ṣebí ìwọ lo máa ń wò mí."

Adelina fi àtàǹpàkò tẹ ibi tí ẹnu náà máa wà lára amọ̀.

"Mò ń bọ̀, Adelina."

"Mo mọ̀. Má kàn fẹsẹ̀ rìn lórí òkun o."

Lọ́jọ́ ọdún, Roz gbé e jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Àwọn aládùúgbò fi ojú Àlejò bo ọmọkùnrin kan lójú, wọ́n fi tìmùtìmù ṣe ikùn fún un. Àwọn obìnrin mú ìgbálẹ̀, wọ́n ń lé e kiri òpópónà: "Wọ̀bìà! Jáde nílé onílé!"

Adelina pariwo pé, "Ẹ rọra nà án o, inú mi ló wà!" Gbogbo àdúgbò bú sẹ́rìn-ín. Síbẹ̀, gbogbo ọkùnrin gíga tó ń kọjá ni Adelina ń nàgà wò, bóyá Klebè ni.

Adelina kú kí àkókò òjò tó bẹ̀rẹ̀. Klebè dé lẹ́yìn ìsìnkú. Ó jókòó ti Roz, ó ní kó ròyìn ọjọ́ ọdún náà fún òun. Nígbà tí Roz sọ ọ́ tán, ó ní kó tún un sọ.