Orúnkún Tí Kò Gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì

Láàárọ̀ yìí, obìnrin kan tí mo ń kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì lórí fóònù, tó ń múra àtilọ ṣiṣẹ́ lókè òkun, kí mi, ó sì pòórá lójú fóònù. Ó ti kúnlẹ̀. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín ò wá.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní Ìkẹ́rẹ́, tíṣà kan wá kọ́ màmá mi ní Gẹ̀ẹ́sì nílé. Tíṣà náà gbé mi sórí àga bàbá mi, ó fi ìró màmá mi tó ń rùn fún èéfín bò mí lẹ́sẹ̀, ó ní èmi ni ìyá arúgbó òyìnbó. Kí màmá mi wọlé, kó kí mi ní kíkí àárọ̀, kó bi mí ohun tí mo máa jẹ. Ìró náà ń yún mi. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń gbá bọ́ọ̀lù níta. Ara mi ò balẹ̀ rárá.

"Gúdù mọ́nìn, Mà," ni màmá mi wí, ó sì kúnlẹ̀.

"Ẹ má kúnlẹ̀, Mà. Wọn kì í kúnlẹ̀ lókè òkun," ni tíṣà wí.

Ó padà sẹ́nu ọ̀nà, ó wọlé, ó tún kúnlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta! Òógùn bò ó.

"Ẹ má bínú, tíṣà. Orúnkún mi ni ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì."

Mo ju ìró sílẹ̀, mo sá jáde.

"Padà wá, uṣu ti fẹ́ jinná!" ni màmá mi ké tẹ̀ lé mi. Mi ò tilẹ̀ wẹ̀yìn.

Bó ṣe máa fi mí sílẹ̀ lọ tọ́jú arúgbó lókè òkun ló ń kọ́ lọ́jọ́ náà.

Obìnrin orí fóònù ti jókòó padà, ó ń retí kí n bá òun wí.

"Ṣé ẹ ní ọmọ nílé?" ni mo bi í.